Bí Mo Ṣe Sáré Dé Etí Ọ̀sà Bàrígà

“Bàbá Níní, ẹ yára díẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí Mojíbọ́lá ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fẹ́ gbé wa lọ sí ọsibítù. Èmi ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́.

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi kì í yá. Ẹnu mi nìkan ló máa ń sáré. Lóṣù tó kọjá, ẹnu yìí kan náà ló sọ fáwọn ará ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú pé mo fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù.

“Ẹ̀yin?” Ràmọ́nù tó ń gé ìwé bi mí. “Ẹ̀yin tí ìgbín ń bẹ̀ pé kẹ́ ẹ yà fóun?”

“O ṣì máa rí fọ́tò mi nínú ìwé ìròyìn.”

“Lójú ewé àwọn olóògbé?”

Gbogbo wọn sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo sìnkú ìyàwó mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Waliyat, ọmọ onílé wa, ló máa ń kó àwọn tó ń sáré jọ ní Bàrígà. Mo lọ bá a.

“Bàbá, kò sẹ́ni tó ń lé yín,” ó ní. “Ẹ rọra sá a, tó bá rẹ̀ yín, ẹ máa rìn. Láti ilé ìtẹ̀wé yín dé etí ọ̀sà, ẹ má ṣáà dúró. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ geere, ẹ ti tó láti bá wa bẹ̀rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ máa rìn ládùúgbò ná.”

“Ọ̀rọ̀ sísọ kẹ̀? O ti gbà mí wọlé nìyẹn!”

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbéra. Nǹkan kan ni mo gbàgbé: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í kàn gba iwájú ilé onílé kọjá.

“Bàbá Níní, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o!” Ìyá Hadassah ni, tó ń kiri búrẹ́dì.

Ó yẹ kí n dúró. Ó yẹ kí n ní, “Ẹ ṣeun, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín.” Mo ju ọwọ́ sí i, mo kọjá.

“Háà! Kò dáhùn! Ọ̀nà ọ̀sà ló sì kọrí sí! Ẹ gbà mí o, ó fẹ́ tẹ̀ lé ìyàwó ẹ̀!”

Àdúgbò tú jáde. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé eré ìdárayá ni. Mo la ẹnu. “Hẹ̀, hẹ̀,” ló jáde.

“Ó ti ń sunkún!” Ìyá Hadassah ké.

Mo tẹra mọ́ eré. Èmi ń sáré, Ìyá Hadassah ń rìn, búrẹ́dì wà lórí ẹ̀. Ká tó dé etí ọ̀sà, ó ti kọjá mi, ó ti dúró síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì. Apẹja méjì fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀kan jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.

“Ẹ fara balẹ̀, Bàbá,” ó ní. “Omi yìí máa ń tutù láàárọ̀.”

Waliyat, tó ti ń dúró dè mí níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Bàbá, ẹ sọ nǹkan kan.”

Mo gbìyànjú. Nǹkan kan ò jáde.

“Kò tíì yá,” ó ní.

Ìyá Hadassah ní tiẹ̀ ń wàásù fún mi pé kí n má pa ara mi, kò tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Waliyat yíjú sí i, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Sátidé la máa ń pàdé o.”

“Ṣé mo lè máa gbé búrẹ́dì mi dání?”

Ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ó ń ṣe dáadáa.

Èmi ò tíì forúkọ sílẹ̀. N kò tíì sọ fún Ràmọ́nù. N kò tíì padà lọ dá àwọn tó kí mi lóhùn. N kò tíì kó aṣọ Mojíbọ́lá kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò tíì sùn sí ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.