Àṣẹ Lórí Ẹnikẹ́ni Tó Bá Ní "Wá Jẹun"

"Ta ló ní kó jókòó? Ta ló ní kó fọwọ́?"

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Ọ̀pẹ, ohùn Olóyè Adégbìtẹ́ lẹ gbọ́ yẹn. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń pariwo bẹ́ẹ̀, láàfin, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, níwájú ilé olónílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mí díẹ̀. Èmi Àkànmú akéde ló kàn, ọ̀rọ̀ Kábíyèsí ló sì wà lẹ́nu mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìbídàpọ̀ oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì lọ sílé Olóyè. Ó bá wọn nídìí iyán. Olóyè ní, "Ìbídàpọ̀, wá jẹun." Gbogbo wa la mọ ìdáhùn. A máa ní kó gba ibi ire, a máa dá itọ́ mì, a máa bá tiwa lọ. Ìbídàpọ̀ ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó fọwọ́. Ó jókòó. Ó jẹun. Nígbà tó fi máa dìde, ìgbín méjèèjì tó wà nínú ọbẹ̀ ti lọ.

Ẹ má pè é ní ọ̀kánjúwà. Ọ́tísíìmù ni dókítà pe bí wọ́n ṣe dá Ìbídàpọ̀. Ohun tí o bá sọ ló ń gbọ́, kì í gbọ́ èyí tí o fi pamọ́ sẹ́yìn eyín. Àwọn bíi tirẹ̀ wà nílùú yìí, wọ́n sì ti rí ara wọn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dìsípẹ́ńsárì àtijọ́. Sàbítù á máa to ìdérí ìgò láwọ̀láwọ̀. Olúgbèmí á máa ṣàlàyé tiránsífọ́mà àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á gbọ́, ẹni tí kò fẹ́ á kẹ̀yìn sí i, inú ò ní bí ẹnikẹ́ni. Ìbídàpọ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó rí ibi tí wọ́n ti lè bá a jókòó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ni Olóyè lọ fi àgádágodo tì. Nítorí ìgbín! Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn níwàkiwà.

Ẹjọ́ dé ààfin. Ìbídàpọ̀ ní, "Màá ra ìgbín mìíràn fún Olóyè. Kí wọ́n má ṣáà gba Sátidé mi." Olóyè ní ẹnu lásán làwọn fi pè é wá jẹun. Kábíyèsí bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń fi pe èèyàn tẹ́lẹ̀.



Nítorí náà, ẹ gbọ́ Àṣẹ Ohun-Tó-O-Sọ-Lo-Sọ.

Èkíní. Ẹni tó bá ní "wá jẹun", kó ti ní àwo kejì nílẹ̀. Àwo kejì! Ẹni tí kò bá ní in, kó dìde, kí àlejò parí tirẹ̀. Òun náà ni yóò bu omi ìfọwọ́ fún un.

Èkejì. Ẹni tó bá ń lọ tó ní "mò ń bọ̀", kó bọ̀. Ìyá Rọ̀gbà sọ ọ́ fún Sàbítù nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Sàbítù dúró dè é títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Ẹni tó bá tún dán an wò yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ dalẹ́, wọn ò sì ní lọ ata kankan fún un.

Ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá béèrè pé "ilé ńkọ́?", kó dúró gbọ́ bí ilé ṣe wà. Olúgbèmí ti ṣe tán. Òrùlé wọn ń jò lápá ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Inú ti le mọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Kò tíì dé yàrá kejì o. Ẹni tó bá sá lọ, a ó mú un padà wá, Olúgbèmí yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. A ti fòfin de "wò mí lójú". Ìlú yìí kan náà ló ń gbá ọmọ létí pé ó ń wo àgbà lójú. Ọmọ ò wojú mọ́, ẹ tún di àgbọ̀n rẹ̀ mú pé kó wojú. Kábíyèsí ní kí ẹ lọ pinnu èyí tí ẹ fẹ́. Kí ẹ tó pinnu, ẹ fi àgbọ̀n ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹni méjì jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀: wọn ò jà. Mo tún un sọ, wọn ò jà! Bàbá Alága tó gbé obì lọ parí ìjà wọn, kó gbé obì rẹ̀ padà sílé, kó fi parí ti àwọn ìyàwó rẹ̀.

Ibí yìí làwọn èèyàn ti rẹ́rìn-ín láàfin. Olóyè rí i pé ojú ń ti àwọn. Kábíyèsí ní kí Olóyè mú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo wá. Wọ́n ní ó ti jábọ́ sí kànga. Wọ́n wá fọwọ́ sáyà, wọ́n ní, "Kábíyèsí, èmi ò kórìíra àwọn ọmọ yìí. Ilé mi, ilé wọn ni. Ìgbàkígbà tó bá wù wọ́n."

Kábíyèsí yíjú sí Ìbídàpọ̀, wọ́n ní ṣé ó gbọ́. Ìbídàpọ̀ ní òun gbọ́.

Ẹ̀kẹfà, tó gbẹ̀yìn. Pálọ̀ Olóyè Adégbìtẹ́ ni wọn yóò ti máa pàdé ní gbogbo Sátidé. Kí rédíò wà ní pípa. Kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń lọ. Olóyè lè bá wọn jókòó, bí wọ́n bá lè dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe dì í fún mi ni mo ṣe tú u fún yín, n kò bù ú jẹ lọ́nà. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, kó jáde síta, màá tún un ké sí i létí.

Òní ni Sátidé. Olóyè, wọ́n ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yín.