Adènà Tó Kù sí Seoul

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Maeng Du-sik: Seoul. Ọdún kan ó lé oṣù méjì péré ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ẹ ó rò pé òun ló tẹ ìlú náà dó. Wọ́n á bu kọfí fún un níbi iṣẹ́ ní Changwon, á ní, "Ní Seoul, a kì í mu eléyìí." Òjò á rọ̀, á ní ti Seoul ló ń jẹ́ òjò.

Oṣù mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń dán an wò. Ọjọ́ Ẹtì yìí ló pé. Ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tòótọ́ ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà Tak, ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú. Maeng wá ń wá ohun ńlá tí yóò fi ṣe wọ́n ní háà.

Àwòrán ẹ̀yà ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń yà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo sì ni gbogbo ọgọ́ta ayàwòrán ń wọlé sí. Àwọn adènà, ìyẹn ètò kéékèèké orí kọ̀ǹpútà, tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀kan á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀kan á wò ó bóyá àyè wà fún ọ láti wọlé, ọ̀kan á kọ àkókò tí o wọlé sílẹ̀. Ìwé pélébé kan inú ẹ̀rọ náà ló ń pè wọ́n sẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn lè yọ ọ̀kan níbẹ̀ kó fi òmíràn rọ́pò. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan náà ni.

Bàbá Guk, àgbà ayàwòrán, ni Maeng dájú sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá, ọjọ́ mọ́kànlélógójì lẹ ti wọlé sínú ẹ̀rọ yìí tí ẹ ò jáde!"

"Ṣé mo jẹ oúnjẹ rẹ níbẹ̀ ni?" ni Bàbá Guk dáhùn. "Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ yìí dúró. Àṣẹ onílé ni mo fi wọlé. Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mò ń mú adènà kan bọ̀ tó ń ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé. Òun la lò ní Seoul!"

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, Maeng da ìwé pélébé tó mú bọ̀ láti Seoul bo ti Changwon mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bong, obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wọn, dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Àbúrò, má tíì ti fèrèsé orí kọ̀ǹpútà tí o fi ń ṣiṣẹ́ yẹn o. Ṣí òmíràn, kí o gbìyànjú àtiwọlé ná. Bó bá kọ̀, o ṣì wà nínú ilé."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó tì í pa.

Aago méjìlá lù. Àwọn ayàwòrán jáde nínú ẹ̀rọ, wọ́n bọ́ sí ilé oúnjẹ. Maeng ní kí òun wọlé padà kí òun wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Bong gbìyànjú tirẹ̀, ó kọ̀.

"Adènà tó ń kà yẹn dà?" ni Bong béèrè.

"Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé."

"Mi ò bi ọ́ ní orúkọ. Òun fúnra rẹ̀ dà? Ṣé o gbé e wọnú ẹ̀rọ yìí?"

"Ó… ó wà ní Seoul."

"O ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìjẹ́ pé adènà yìí fọwọ́ sí i, o wá fi adènà sílẹ̀ sí Seoul? Ta ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ báyìí?"

Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà:

"Bàbá Guk!"

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà Tak kì í fi iná ṣòfò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n kéde àṣà tuntun: bí àwọn èèyàn bá ti lọ jẹun, wọ́n á máa ti orí tábìlì dé orí tábìlì, wọ́n á máa pa iná àti kọ̀ǹpútà. Maeng sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì fò lọ, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ìka Ọ̀gá Àgbà ti wà lórí ṣíwíìṣì Bàbá Guk.

"Tak! Má pa á!"

Kò fi "Ọ̀gá" síwájú, kò fi "ẹ" sí i. Ó bẹ́ lu ilẹ̀, ó wọ́ wọ abẹ́ tábìlì, ó fọwọ́ méjèèjì di ṣíwíìṣì náà mú.

"Ta ni Tak?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá Guk ti wọlé dé, tó ń tayín.

"Kí lọmọ yìí ń wá lábẹ́ tábìlì mi? Ṣé ó fẹ́ lé mi jáde ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde! Ẹ má jáde láéláé!"

Bong ṣàlàyé. Bàbá Guk jókòó, ó pa ìlà kan rẹ́ nínú ìwé Seoul, ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín.

"Ní Seoul ńkọ́?" ni Bàbá Guk béèrè. "Nígbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí lẹ ṣe?"

Maeng yọrí lábẹ́ tábìlì.

"Wọ́n lé mi ni, Bàbá."

Ọ̀gá Àgbà Tak rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n buwọ́ lùwé náà nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìlà kan kún un.

Màmá Maeng pè é lórí fóònù. "Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, Màmá! Ààbò ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́."

"Ọmọ mi ọ̀wọ́n! Kí lo máa ń dáàbò bò?"

"Ṣíwíìṣì kan, Màmá. Títí Bàbá Guk á fi jẹun tán."