Àrò Tí Mo Bá Ọmọ Mi Ṣe ní Yunifásítì

Ọdún tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni ọmọ mi obìnrin, Mojí, bí àkọ́bí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni mo dójú ti ara mi níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Mo lè gbàgbé ibi tí mo fi ìgbálẹ̀ sí láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, títí n ó fi wọlẹ̀, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Mojí ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà, ìwé tó ń sọ èèyàn di dókítà tí kì í gún abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ èpò inú oko ló ń kà. Ìjọba ń fún un ní sikọ́láṣíìpù, kò tó o, ni yunifásítì bá bá a fi díẹ̀ kún un. Àfikún yẹn ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gba yàrá. Ṣùgbọ́n wọn ò fún un lásán. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá kọ́ wọn, àfikún bọ́ nìyẹn, ìwé náà á sì dúró.

Nígbà tó bímọ, ó wá sinmi lọ́dọ̀ mi lábúlé, lápá Àkánrán. Ọmọ ò tíì pé ogójì ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ pé Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ti kọjá láìsí ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ náà. Bí ìkẹrin bá tún lọ bẹ́ẹ̀, òun ò ní lè fọwọ́ sí ìwé àfikún mọ́. Mojí kà á fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màámi, n ó lọ ni."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú yìí? O ò lọ síbì kan. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ní kí o ṣe lọ́jọ́ náà?"

"N ó kó wọn lọ sí oko ẹ̀kọ́, n ó fi èpò hàn wọ́n."

"Èpò tí mo mọ̀ yìí náà?"

"Òun náà ni, Màámi."

Ọkàn mi bá balẹ̀. Lábúlé tiwa, àrò la fi ń ṣiṣẹ́ oko. Lónìí, gbogbo wa á lọ ro ẹ̀gẹ́ tèmi. Lọ́la, a ó lọ ro tìrẹ. Bí ara ẹni tí àrò kàn kò bá yá, á rán ọmọ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ wá dípò. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ọwọ́ ta ló ro ó, kí ilẹ̀ ṣáà ti mọ́. Mo ní nínú ara mi pé àrò ni ti Mojí yìí náà. Yunifásítì ti ṣe tirẹ̀ fún un, ọjọ́ iṣẹ́ ló kù tó jẹ wọ́n. Ta ló sì mọ èpò jù mí lọ? Láti kékeré ni mo ti ń bá a jà.

Mi ò sọ fún un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ní mò ń lọ sí ìpàdé àdúrà (Olúwa, dárí jì mí), mo sì lọ kó Ìyá Jọkẹ́ àti àwọn obìnrin méjì mìíràn tí a jọ ń ṣe àrò. Kálukú gbé ọkọ́ rẹ̀.

Nínú mọ́tò, kọ̀ńdọ́ wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, òkú ta lẹ fẹ́ lọ sin?"

"Ẹnu rẹ la fẹ́ lọ ro," Ìyá Jọkẹ́ dá a lóhùn. "Igbó ti kún un."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, mẹ́gádì ní ta ni wá. Mo ní olùkọ́ ni wá. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó wá nawọ́ sí ọ̀nà oko fún wa.

Oko náà mọ́ tónítóní, àfi ibì kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó yàrá mẹ́ta. Imí eṣú, gbégi, abẹ́rẹ́ olóko, gbogbo wọn kún dé orúnkún, wọ́n wá ri igi ṣóńṣó-ṣóńṣó mọ́ àárín wọn, tí bébà wà lórí rẹ̀. Ìyá Jọkẹ́ pòṣé.

"Ìyá Mojí, ẹ wo nǹkan. Torí pé ọmọ yín bímọ, kò sẹ́ni tó lè bá a ro ibi tirẹ̀!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò tíì dé. A wò ó pé kí a tún ibẹ̀ ṣe kí wọ́n tó dé, kí ojú má baà ti Mojí. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí oòrùn tó ta sí wa lára, ilẹ̀ ti mọ́ bí àwo. Igi ṣóńṣó wọ̀nyẹn, mo tò wọ́n jọ bí igi ìdáná.

Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò, àwọn ọmọ bí ogún tẹ̀ lé e. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwa ni, sà," ni mo wí. "Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Ẹ gbọ́ o! Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́!

"Màmá, oṣù mẹ́rin la fi tọ́jú èpò yìí. Òun làwọn ọmọ wá wò."

"Ẹ ń tọ́jú èpò? Ṣé ẹ tún ń bomi rin ín ni?"

"A ń bomi rin ín, Màmá."

Ìyá Jọkẹ́ sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ṣé àwọn yìí náà ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ yín di dókítà?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé àrò fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, òun ò rín. Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló gbọ́dọ̀ kọ́ wọn, pé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni àwọn ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bí yóò ṣe di olùkọ́ ni àwọn ń wò. Èmi náà ò sì ṣe tán láti padà sílé lásán. Mo dìde, mo gbé imí eṣú kan sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, imí eṣú rèé. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ fà á tu."

Ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Màmá, kí ló dé tó fi ń pọ̀ lórí ilẹ̀ kan tí kì í pọ̀ lórí òmíràn?"

Mo ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé láìkọ nǹkan kan sí i. Mo mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ti ọmọ mi jẹ́.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn mi. Mojí ni, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń tiro bọ̀. Ó ti wá ọkọ́ mi tì nílé, ni ọmọ Ìyá Jọkẹ́ bá tú àṣírí wa. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Ó tú ọmọ, ó gbé e fún mi, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ó wá yà sídìí òkìtì èpò tí a kó jọ. Òyìnbó ló fi ń kọ́ wọn, mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbòǹgbò tí a fà yọ ló ń fi hàn wọ́n. Ó to èyí tó gùn sọ́tọ̀, ó to èyí tó rí bí irun sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún jù, ó jókòó sórí ebè, kò dákẹ́. Àwọn ọmọ tó ń fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Nígbà tó parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí ìwé àfikún rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ti Mojí ti parí, Màmá. Èpò mi ńkọ́?"

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbin èpò nìyẹn o. Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà gbáko, Mojí á máa kọ́ni, èmi á pọn ọmọ, èmi àti Ìyá Jọkẹ́ á máa lọ́ imí eṣú wá gbìn, a ó máa bomi rin ín. Obìnrin kan tó ń kọjá bi mí pé kí ni mò ń gbìn. Mo ní ẹ̀fọ́ ni.

Mojí ti di dókítà tipẹ́. Nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ náà wá bí tiwọn, mo pe gbogbo wọn jókòó. Mo ní iṣẹ́ kan wà tí ọwọ́ ẹlòmíràn lè báni ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń mọ èèyàn, onítọ̀hún ni yóò fúnra rẹ̀ ṣe é. Ohun tí ìyá lè ṣe ò ju kó gba ọmọ pọ̀n lọ.

"Kó sì kọ́kọ́ bèèrè, Màámi," Mojí wí, "kó tó gbé ọkọ́."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Kí ni ǹ bá ṣe? Èmi náà rín in, mo ń fọwọ́ bojú.