Ìtọ́wò Alhaji Mùsílíù

Ẹ̀yin náà ti fura kí n tó la ẹnu: ọkùnrin tó bá dúró níwájú ìjòyè tó ní ọ̀rọ̀ owó kọ́ lòun ń bá kiri, owó náà gan-an ló ń bá kiri. Irú ẹ̀ ló dé iga olóyè wa lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níhìn-ín.

Bùkọ́lá ló pẹjọ́, ọmọ àdúgbò wa tó ṣí ilé oúnjẹ súṣì sí Ìkòyí. Alhaji Mùsílíù ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹni tí wọn yóò wé láwàní oyè fún ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bùbá àti ṣòkòtò nìkan ló wọ̀ wá. Agbádá rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, lórí itan Bùkọ́lá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?" Olóyè béèrè.

"Baba Olóyè, Alhaji àti ọ̀rẹ́ wọn wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Àwo ńlá mẹ́rin la gbé síwájú wọn. Mo pe owó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ náírà. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ làwọn máa san."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré?"

"Wọ́n ní kí n máa já a wálẹ̀. Mo ní a kì í nájà níbẹ̀, sà. Wọ́n ní ta ló bí mi tí a ò ní nájà."

"Agbádá wá ńkọ́? Ṣé o bọ́ ọ lọ́rùn wọn ni?"

"Rárá o! Àwọn ló bọ́ ọ fúnra wọn. Wọ́n ní kí n gbà á ní ìdógò, pé agbádá náà ju gbogbo ilé oúnjẹ mi lọ."

Olóyè Àbídèmí, tó jókòó lápá ọ̀tún, tẹ ara síwájú. "Kí ni súṣì yìí gan-an?"

"Ìrẹsì ni, Baba. A máa ń ká a mọ́ inú ewé inú òkun, a sì máa ń gé ẹja lé e. Ẹja náà kì í dé orí iná."

"Ṣé ó dùn?"

"Àbídèmí, ẹjọ́ là ń dá," ni Olóyè wí. "Mùsílíù, ẹnu rẹ la fẹ́ gbọ́."

Mùsílíù dìde. Ó na ọwọ́ kó ká apá agbádá sí èjìká, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó bá họ ọrùn.

"Baba Olóyè, ẹ̀mí yín á gùn. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mò ń bá kiri. Ẹ̀tọ́ ni. Èmi ò jẹ oúnjẹ ọmọ yìí."

"Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Mo tọ́ ọ wò ni."

"Àwo mẹ́rin?"

"Baba, ẹ gbà mí láyè. Tí èèyàn bá fẹ́ ra gààrí ní ọjà Jánkárà, ṣé kò ní kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu? Ta ló ń gba owó ìyẹn? Àwo kìíní, adùn rẹ̀ ò yé mi. Mo ní kí wọ́n gbé ìkejì wá, bóyá á yé mi. Kò yé mi. Ìkẹta, ó kù díẹ̀ kó yé mi."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Ìkẹrin ló yé mi pé mi ò rà á."

Gbogbo iga bú sẹ́rìn-ín. Olóyè fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu.

"Tó bá jẹ́ ìtọ́wò ni, kí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ wà fún?"

"Àánú ni, Baba! Torí wọn ò dáná. Wọn ò ra gáàsì, wọn ò ra òróró, wọn ò rẹ́ àlùbọ́sà. Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá ṣe? Ẹja yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni kílò kan. Ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, olè ni."

"Alhaji," ni Bùkọ́lá wí, "ẹja tí ẹ ń sọ yìí..."

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi! Ẹja ò ṣàjèjì nílé mi."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Mùsílíù, Alhaji Gàníyù, akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí. Òun ni Mùsílíù gbé lọ sí Ìkòyí, kó lè fojú ara rẹ̀ rí irú èèyàn ńlá tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún.

"Gàníyù, ṣé ó jẹ ẹ́ ni àbí ó tọ́ ọ wò?"

"Wàláhì, ó tọ́ ọ wò ni, Baba."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ń dijú."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Ha! Èmi ò fẹnu kàn án."

Haleem, tó gbé oúnjẹ fún wọn lọ́jọ́ náà, na ọwọ́ sókè. "Ẹ má bínú, Baba. Ata lílọ̀ aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, bíńtín ni wọ́n máa ń mú níbẹ̀. Alhaji Gàníyù kó gbogbo ẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sunkún."

"Iye owó ló pa á lẹ́kún!" ni Mùsílíù pariwo.

"A ò tíì pe owó nígbà yẹn, sà."

Olóyè wo Gàníyù. "O ní o ò fẹnu kan nǹkan?"

"Ata nìkan ni, Baba."

"Ata lásán?"

"Ẹja díẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀."

"Nǹkan mìíràn tún kù, Baba," ni Haleem wí. "Àwo kẹrin ku ìdajì nígbà tí Alhaji Mùsílíù ní kí n di ìyókù sínú ike fún àwọn."

"Mùsílíù! Ta ló ń di ìtọ́wò lọ sílé?"

"Baba, àwọn ará ilé náà gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò."

Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, Olóyè Àbídèmí tún rọra béèrè: "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an, Baba!" Mùsílíù ti sọ ọ́ kó tó rántí ibi tó wà.

"Èmi ti gbọ́ tèmi," ni Àbídèmí wí, ó sì fara ti àga.

Olóyè gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹnu ya gbogbo wa.

"Bùkọ́lá, gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ rẹ. Dá agbádá padà fún un."

"Baba Olóyè!"

"Dá a padà."

Mùsílíù ti wọ agbádá kí ọ̀rá tó bọ́ sílẹ̀. Ó ká apá ọ̀tún, ó ká apá òsì, ó tún ká apá ọ̀tún. Bùkọ́lá ń nu ojú.

"Mi ò tíì parí," ni Olóyè wí. "Mùsílíù, èló lo pe kílò ẹja yẹn?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì!"

"Ṣé o lè búra?"

"Wàláhì, tàláhì!"

"Àwa olóyè gbà ọ́ gbọ́. Láti òní títí di ààwẹ̀ tó ń bọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì ni ẹni tó ń ta ẹja fún Bùkọ́lá yóò máa gbà lórí kílò kan. Kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ lé e. Ibẹ̀ ni Bùkọ́lá yóò ti rí owó rẹ̀ gbà padà."

"Ẹ ṣeun, Baba! Ẹ bá wa fìyà jẹ àwọn olè yẹn!" Mùsílíù ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, Gàníyù ń bá a gbé etí agbádá.

Olóyè yí sí Bùkọ́lá, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń béèrè àlàáfíà ilé.

"Ta ló ń ta ẹja fún ọ, ọmọ mi?"

"Alhaja Morufat ni, Baba. Ìyàwó Alhaji Mùsílíù."

Òun náà ló ra agbádá ọ̀hún.