Bí Ilé Ọba Abẹ́àgbọn Ṣe Jó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Ẹ ò mọ̀. Ẹ jókòó dáadáa, kí n tú u palẹ̀.

Ní erékùṣù Abẹ́àgbọn, àlejò ni oúnjẹ. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti lọ, àwọn ará òkè á wọkọ̀ wá wo ilé ọba, ilé gàgàrà tí kò ní fèrèsé kan ṣoṣo. Wọ́n á ra ẹja, wọ́n á ra àgbọn, wọ́n á ra ẹní. Àwọn apẹja gan-an ti pa iṣẹ́ tì. Inú àwọ̀n wọn ni adìyẹ ń yé sí. Ẹfúnyẹmí, opó tó ń gba àlejò sílé, ò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí àlejò dé ni ìjì jà lọ́sàn-án gangan. Ààrá sán lu òrùlé ọba. Kí wọ́n tó bomi dé, òrùlé ti jóná ráúráú, ògiri tó kọjú sókun sì ti wó.

"Yéè, mo gbé!" Ẹfúnyẹmí káwọ́ lérí. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní í wá mọ́. Kí la máa jẹ?"

Bẹ́ẹ̀ Bámgbàlà atukọ̀ ti fẹ́ lọ kó wọn wá, wọ́n á sì béèrè. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu sọ aburú mọ́ ọba. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Ta ló máa wá sọ pé ilé rẹ̀ jó?

"Sọ pé ilé ọba bu ẹwà sí i," ni Ẹfúnyẹmí wí.

"Ìyá, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?" ni Bámgbàlà bi í.

"Ọ̀wọ̀ ni. Máa lọ!"

Bámgbàlà sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ fún àwọn ará òkè. Áà! Àwọn tí kò wá rí náà di ẹrù wọn. Ọkọ̀ mẹ́ta ló máa ń wá. Bámgbàlà ránṣẹ́ pé mẹ́sàn-án ló ń bọ̀. Ẹfúnyẹmí kó gbogbo ẹní ìlú, ó fi bo ojú ibi tó wó.

Àlejò gúnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ fìì, gbogbo ẹní fò lọ. Kábíyèsí rèé láàárín àwókù, lórí òkúta, lábẹ́ agboòrùn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó dijú pọ̀.

Ni Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí, àgbà àlejò, bá ní: "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá jókòó sínú òkùnkùn níbí. Ṣé òkun ló wà lẹ́yìn ògiri yìí látijọ́?"

Wọ́n jókòó, wọn ò dìde. Ẹja tán, àgbọn tán, àwọn apẹja sáré lé adìyẹ kúrò nínú àwọ̀n. Nígbà tí ọba gbé imọ̀ ọ̀pẹ wá láti fi bolé, ariwo ta: "Kábíyèsí, ẹ má ba ilé jẹ́!" Abẹ́ agboòrùn ló ń sùn láti ọjọ́ náà.

Èyí wọ Baálẹ̀ erékùṣù kejì lójú. Ó ṣáná sí ilé tirẹ̀. Àlejò lọ wò ó, ààtàn ni wọ́n rí lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n bá yí ọkọ̀ padà. Baálẹ̀ sunkún wá bá Ẹfúnyẹmí.

"Ìyá, kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baálẹ̀," ni Ẹfúnyẹmí dáhùn. "Tiyín jó, ó jó náà nìyẹn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."