Ojú-Ewé Tuntun Ayọ̀kúnlé

Bí Ayọ̀kúnlé bá kọ́ nǹkan láàárọ̀, tó bá máa fi di ọ̀sán, á ti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló dá nǹkan náà sílẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì díẹ̀ l'Ékòó, ó padà sí Adó-Èkìtì, ẹnu rẹ̀ kò sì gbé ilé mọ́.

Ìjọ wọn ní ojú-ewé kan tó ti pẹ́, níbi tí orin àti ètò ìsìn máa ń wà. Ayọ̀kúnlé wò ó, ó yínmú.

"Àwọn àmì àtijọ́ tó ń to ọ̀rọ̀ sójú-ewé ni wọ́n fi kọ eléyìí, mà," ló wí fún Monínúọlá, akọ̀wé ìjọ. "Bùráúsà tó ń ṣí ojú-ewé lórí fóònù òde òní kì í ka irú rẹ̀ mọ́."

"Ó ń ṣí lórí tèmi."

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, mà. Iṣẹ́ wa ni."

Ó ṣe tuntun. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ tẹ ìwé orin Ìkórè, kí kálukú máa kà á lórí fóònù. Orin náà sì rèé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lórí.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Dùùrù dún, ìjọ dìde, wọ́n gbójú lé fóònù. Ojú fóònù funfun báláú.

"Bí ulé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ló rí," ni bàbá kan tó wá láti Ìjan wí.

Bí bùráúsà bá pàdé àmì tí kò mọ̀, ńṣe ló máa ń fò ó, tí á sì gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Ayọ̀kúnlé ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ orin pa mọ́, ó ní àṣẹ tuntun kan ni yóò máa gbé e jáde. Fóònù ìjọ kò gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí; tirẹ̀ nìkan, tó ti tún ṣe fún un, ló mọ̀ ọ́n.

"Fóònù yín ló ti gbó," ló wí.

Ìyá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti ìjókòó iwájú. "Ayọ̀, ìwọ lo ra tèmi. O ní òun ló dé kẹ́yìn."

Fíkà, àlùfáà ìjọ, bi í bóyá tirẹ̀ ń ṣí. Orí rẹ̀ wú. "Ó ń ṣí dáadáa, sà."

"Ó dáa. Bọ́ síwájú, máa dá a, ká máa gbè é."

Ohùn Ayọ̀kúnlé dà bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, ẹni tó ń tẹ dùùrù káwọ́ nílẹ̀.

Ìgbà náà ni Monínúọlá dìde. "Ẹ ṣí ojú-ewé àtijọ́. Mo ti fi orin náà síbẹ̀."

Fóònù tó gbó ṣí i, èyí tó tuntun ṣí i. Ayọ̀kúnlé yọ́ tirẹ̀ wò: orin hàn kedere, nítorí àwọn tó ń ṣe bùráúsà kò fìgbà kan pa ojú-ewé àtijọ́ tì. Ìjọ kọ ọ́ dópin. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó lọ jókòó, ló bá dúró síwájú.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá Monínúọlá lẹ́nu ọ̀nà. "Mà, tó bá fi di ọdún mélòó kan sí i, gbogbo fóònù ni yóò máa ṣí tèmi."

"Kò burú, Ayọ̀kúnlé," ni Monínúọlá wí. "Ìkórè ọdún yìí là ń ṣe."