Ẹ̀rọ Géèmù Tó Ní Kí N Lọ Pe Òbí Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ darúgbó: ọjọ́ tí ẹ̀rọ géèmù tí mo fi owó ara mi rà sọ fún mi, lójú ọmọ mi, pé kí n lọ pe òbí mi wá. Èmi abiyamọ, èmi adélébọ̀.

Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Enugu, ibẹ̀ ni mo sì bí Tèmídire sí. Yorùbá ọmọ náà kò ju kó kí bàbá rẹ̀ káàárọ̀ lọ; gbogbo ìyókù, gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni. Ó fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣàn bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja, ilé àwọn tó ń gbé lókè wa ló sì ti máa ń lọ wò ó. Mo ní wò ó, torí wọn kì í fún un ní páàdì tí wọ́n fi ń gbá a, àfi èyí tí bátìrì rẹ̀ bá ti kú. Lọ́jọ́ kan mo gòkè lọ pè é kó wá jẹun, mo bá a níbi tó ti ń tẹ òkú páàdì, tó ń fò sókè pẹ̀lú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gidi. Ó dùn mí dé egungun. Mo ṣèlérí fún un pé tó bá di Sátidé ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwọn ọmọ òkè ni yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá a ṣeré, òun ni yóò sì máa pín páàdì.

Bí mo ṣe gba Ọjà Kẹ́ńyátà lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé n kò mọ ọjà ná. Àwọn oníbàtà ibẹ̀, tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ àlòkù, tí mò ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú oòrùn o, Mọ́mì. Ẹ wọlé, ẹ fẹ̀yìn tì." Yorùbá tó mọ́ gaara. Ikenna lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni, Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè mìíràn lẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: orí mi wú. Ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Nígbà tó dárúkọ iye tó fẹ́ gbà, ojú tì mí láti ná an. Ó ní kí òun tan ẹ̀rọ náà kí n fi ojú ara mi wò ó pẹ́, èmi fúnra mi ni mo ní kó má ṣe wàhálà, ṣé a ó tún máa fura síra wa ni.

Mo gbé e délé, a so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ó sì ṣiṣẹ́. Tèmídire gbá bọ́ọ̀lù, èmi náà gbá, ó lù mí bí ẹni lu bàrà. Kò ju ìdajì wákàtí lọ, ojú tẹlifíṣàn ṣú.

"Mummy, e don off," lọmọ mi wí.

Mo ní àwọn oníná ti tún mú iná lọ. Ó nawọ́ sí fáànù tó ń yí lórí wa. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣàn pé eré tòní ti parí; tí mo bá fẹ́ sí i, kí n pe òbí mi kó wá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

"Òbí náà nìyí," mo sọ fún ẹ̀rọ. Mo tẹ ọdún tí wọ́n bí mi, kò gbà. Mo tẹ ti ọkọ mi. Mo tẹ nọ́ńbà ilé wa. Ó ní mo ti gbìyànjú jù, kí n lọ sinmi ná. Mo rò ó pé kí n kúkú nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kó padà di tuntun. Ó ní kò burú, kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, lórí fóònù mi. Ẹni tó dáhùn ní àkọsílẹ̀ àwọn fi hàn pé kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Mo ní ilé mi ló wà, iná mi ló ń jẹ, orí tábìlì mi ló sì jókòó lé. Ó dúpẹ́ fún sùúrù mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Sùúrù wo?

Nígbà tí ọgbọ́n tán, mo ṣe ohun tí ẹ̀rọ ní kí n ṣe: mo pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Màámi, ẹ̀rọ kan tí mo rà ni kò jẹ́ kí n lò ó bó ṣe wù mí."

"Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"O ti sanwó rẹ̀ tán?"

"Mo ti san án tán, mà."

"Tí mo bá ta ìkòkò fún ọ, ṣé èmi ni n óò máa sọ ọjọ́ tí wàá se ọbẹ̀? Gbé e padà fún wọn jàre. Má sì lọ pariwo o. Mo mọ ẹnu rẹ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ ìbí ku ọ̀la. Tèmídire ti pe gbogbo àwọn ọmọ òkè. Bó ṣe ń wọ bàtà ilé-ìwé, ó bi mí pé, "Mummy, e go work?" Mo ní yóò ṣiṣẹ́. 

Ní ṣọ́ọ̀bù, Ikenna nawọ́ sí pátákó tó wà lára ògiri, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

"Ògiri kọ́ ló ń ṣòfin," mo ní. "Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọjà tí kò bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún, ẹ̀tọ́ oníbàárà ni kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà."

"Mọ́mì, ó ń ṣiṣẹ́ kó tó kúrò níbí."

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tàn án, kí gbogbo wa jọ wò ó."

Ó tàn án. Mo jókòó sórí àpótí, mo fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn oníbàárà dúró ń wò, Ikenna ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tó yá, ojú tẹlifíṣàn ṣú, ẹ̀rọ sì ní kí Ikenna lọ pe òbí rẹ̀ wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ti gbé irú ẹ̀ dání rọra gbé e padà sórí káńtà. Ikenna rí i. Ó fa fóònù yọ.

"Màdáàmù kan ní GRA ló tà á fún mi," ó ní, ó sì ṣí ohùn fóònù náà síta.

Bí obìnrin náà ṣe gbé e, n kò jẹ́ kí Ikenna sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí inú bí mi tán, Yorùbá ló ń jáde. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta ilé, tẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ojú ò tiẹ̀ tì yín? Irú ìyá wo lẹ jẹ́?"

 Ohùn kan dáhùn látinú fóònù, ó ní, "Ìyá Tèmi, ṣé ìwọ lò ń bú mi báyìí?"

Ìyá Ẹgbẹ́ Obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.

Mo kúnlẹ̀. Fóònù kò lójú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò dúró bi mí. Ikenna tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹnu mi lè tó fóònù náà. Èyí tó burú jù ni pé ìyá yìí ló kọ́ wa nípàdé bí a ṣe ń ti géèmù mọ́ àwọn ọmọ nítorí ìdánwò. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù lọ́jọ́ náà.

"Mo tì í mọ́ ọmọ mi," ó ní. "Ìdánwò parí, mo gbàgbé nọ́ńbà. Mo ní ẹni tó bá rà á á mọ ohun tó máa ṣe sí i."

"Èmi ni ẹni náà, mà." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ẹ ti ta á, mà. Ẹ wá yọ ọwọ́ yín kúrò nínú rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Kò pẹ́ tí mọ́tò rẹ̀ fi dé. Ó fi awò sójú, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi ìwé ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ náà pátápátá. Ikenna mú gọ̀gọ̀ wá, ó yọ pátákó ara ògiri, ó ní òun máa tún un kọ.

Ní Sátidé, àwọn ọmọ òkè sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹ̀rọ, nítorí ó ti di tuntun, ní kí òbí yan nọ́ńbà àṣírí àti iye wákàtí tí eré yóò fi wà lójúmọ́. Ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù, mo ní kí Tèmídire tẹ èyíkéyìí. Ọmọ mi jókòó sáàárín wọn, ó ń pín páàdì kiri. Mo ń yọjú láti ìdáná. Kò fún ẹnikẹ́ni ní èyí tó ti kú.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń ra nǹkan, mo máa ń ní kí wọ́n tàn án títí yóò fi sú wa, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá mi ló ń tà á. Mo sì máa ń béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Èyí tí mo gbàgbé láti béèrè nílé ara mi ńkọ́? Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo jókòó, mo gbá bọ́ọ̀lù tèmi. Adùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ ni, ojú tẹlifíṣàn ṣú: kí n lọ pe òbí mi.

"Tèmi, kí ni nọ́ńbà náà?"

Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Mummy, you don play too much. Go rest."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dìde. Kí ni mo fẹ́ wí? Èmi náà ni mo pàtẹ́wọ́ jù.